Bàbá Tálì àti Ajá Tí Gbogbo Ilé Ń Bọ́

Nínú ilé tí à ń gbé ní Olódì-Àpápá, yàrá méjìlá ló wà, ẹ̀rọ omi kan, àti ajá kan. Ajá náà kì í ṣe ti gbogbo wa. Ti Bàbá Tálì ni. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé òun ni gbogbo ilé gbàgbé, ohun tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ajá náà nìyẹn.

Àṣírù ni orúkọ tí wọ́n sọ Bàbá Tálì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ tálì ní wáàfù Àpápá. Ẹni tó ń ṣe tálì á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi, á máa ka ẹrù bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á sì máa fa ìlà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà bá pé mẹ́rin, á fi ìkarùn-ún dábùú wọn. Bàbá sọ fún mi nígbà kan pé ẹni tó ń ka ẹrù kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, torí bó bá yanu báyìí, iye tó ti kà á pòórá. Ọdún kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ṣì wà ní wáàfù. Ẹ kí wọn, wọ́n á mi orí. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n á kọ́kọ́ wojú ọ̀run ná. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dáhùn, ẹ ti bá tiyín lọ.

Èmi náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá mi máa ń ní bí ilé bá ń jó, ṣe ni Bùsáyọ̀ á kọ́kọ́ tọrọ àforíjì kó tó pariwo iná. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ èmi àti Bàbá fi wọ̀.

Fóòmáànù ni orúkọ ajá náà. Ó pupa rúsúrúsú, àyà rẹ̀ funfun. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn kó dùbúlẹ̀ sábẹ́ òjìji kó máa wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́, ni Bàbá bá fi orúkọ àwọn ọ̀gá wọn àtijọ́ pè é. Kò gbọdọ̀ wọ yàrá. Bó bá fi imú kan aṣọ tí Bàbá fẹ́ fi kírun, wọ́n á wọlé lọ pààrọ̀ rẹ̀, wọn ò sì ní bínú sí i. Ìyàwó Bàbá ti ṣaláìsí, Sàfúrátù ọmọ wọn kan ṣoṣo sì wà nílé ọkọ ní Ìkòròdú. Nítorí náà, bí Bàbá bá ti mọ́sálásí dé, ajá yìí nìkan ló ń dìde pàdé wọn.

Nínú oṣù kẹta ọdún yìí, Fóòmáànù kò dìde pàdé wọn mọ́. Á wà lórí ìdùbúlẹ̀, á máa fi ìrù nà ilẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré. Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré ló wà níwájú ilé wa, kò lè gun ún tán láìsinmi. Bàbá ní kí n bá àwọn kálọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kí n lè bá wọn ka ohun tí dókítà bá kọ, torí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì.

Oníkẹ̀kẹ́ tó gbé wa wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. "Bàbá, ajá lẹ sọ pé ẹ fẹ́ gbé," ó ní. "Ẹ ò sọ pé màlúù ni." Nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀ wá pé nígbà mìíràn, ká jọ̀ọ́ ká wá ẹlòmíràn.

Dókítà Nkechi, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ilé ìwòsàn wọn kò jìnnà sí Liverpool Road, gbé Fóòmáànù sórí sikéèlì. Kílò méjìdínlọ́gbọ̀n. Wọ́n mú ọwọ́ Bàbá, wọ́n gbé e lé ìhà ajá náà.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ egungun ìhà rẹ̀ lára?"

Bàbá tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. "Rárá."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n lára. Ó yẹ kí ọwọ́ yín kàn án. Ọ̀rá ló bo gbogbo rẹ̀. Ajá tó tóbi tó èyí, kílò mọ́kàndínlógún ló yẹ ẹ́. Ẹrù ajá àti ààbọ̀ ló ń gbé kiri, ọkàn rẹ̀ ò sì ju ti ajá kan lọ."

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún wa. Ife oúnjẹ kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́. Kò gbọdọ̀ jẹ ohun tí wọ́n fi òróró dín, kò gbọdọ̀ jẹ ohun oníyọ̀. Oògùn aràn. Ìrìn díẹ̀ ní kùtùkùtù kí oòrùn tó mú àti kí tírélà tó kún títì, díẹ̀ sí i lálẹ́. Ká máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n fa ìlà méjì sábẹ́ èyí tó kẹ́yìn: ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa bọ́ ọ.

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni," Dókítà Nkechi ní. "Bí ẹ bá ṣe èyí, ó lè lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún sí i. Bí ẹ ò bá ṣe é, Bàbá, mi ò lè purọ́ fún yín, mi ò rò pé á rí Kérésì."

Bàbá wo òrùlé, torí kò sí ọ̀run níbẹ̀. "Ó yé mi," wọ́n ní.

Ó sì yé wọn lóòótọ́. Bàbá Tálì kò pa ọjọ́ kan jẹ. Ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́, wọ́n á tún fi ọwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kó má bàa ga ju etí ife lọ. Lẹ́yìn ìrun àfẹ̀mọ́júmọ́, àwọn àti ajá wọn á rìn dé ìkóríta, wọ́n á sì padà. Ti sikéèlì nìkan ló kọ́kọ́ dà bí ìṣòro, torí kò sí oníkẹ̀kẹ́ tó fẹ́ gbé wa mọ́. Ṣùgbọ́n ní ìpẹ̀kun àdúgbò wa, ọkùnrin kan wà tó ń ra àlòkù irin àti páànù, ó sì ní sikéèlì ńlá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni Bàbá ń fa Fóòmáànù lọ síbẹ̀, tí wọ́n á gbé e jókòó sáàárín ẹ̀rọ amúlétutù tó ti kú, tí èmi á sì ka iye tí ọwọ́ sikéèlì tọ́ka sí.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, kílò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ti di mẹ́rìnlélógún, ìbàdí rẹ̀ sì ti ń hàn. Lọ́jọ́ náà, Bàbá rẹ́rìn-ín. Mo rí eyín wọn. Nínú ilé kan náà tá a ti ń gbé láti ìgbà tí mo ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, n kò tíì rí i rí.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọwọ́ sikéèlì tọ́ka sí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo ní kí Bàbá gbé e sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tún gbé e. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Bàbá wò mí. "Ṣé ìwọ ni?"

Ó dùn mí dé egungun. Èmi tí mo ka ìwé dókítà títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí! Mo ní, "Èmi kọ́, sà," mo sì pinnu pé n ó mọ ẹni tó ń ṣe é.

Kò le rárá láti mọ̀. Ohun tó bí mi nínú gan-an nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sá pamọ́. Ìyá Onome tó ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà máa ń ya èyí tó bá jóná sọ́tọ̀ sínú ọ̀rá, wọn á sì ju ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i bí ẹni ń ju bọ́ọ̀lù. Bùọ̀dá Reuben, awakọ̀ tírélà tó ń gbé yàrá kẹta, máa ń pín búrẹ́dì àti sádìnì wọn sí méjì, wọn á fún ajá ní èyí tó tóbi. Bí mo ṣe ń fi ojú wá àwọn tó kù, mo rí obìnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, tó ń ha ìkòkò èbà sílẹ̀ fún Fóòmáànù.

"Màámi!"

Ìyá mi fò sókè. Wọ́n ní, "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Díẹ̀ ni."

Mo kọ ìwé pẹlẹbẹ kan pé: Ẹ JỌ̀WỌ́, Ẹ MÁ FÚN MI LÓÚNJẸ. ARA MI Ò YÁ. Mo fi okùn so ó mọ́ ọrùn Fóòmáànù kí n tó lọ sílé ìwé. Nígbà tí mo dé, ìwé náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òróró àkàrà ti rin ín débi pé mo lè rí ọwọ́ mi láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo lọ bá Ìyá Onome. Mo ti ṣètò ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́nà, mo sì sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ni mò ń wò. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tí gbogbo yín ń fún ajá Bàbá lóúnjẹ?"

Ìyá Onome wo ọ̀tún wo òsì, wọ́n fà mí mọ́ra. "Bùsáyọ̀, ọmọ dáadáa ni ẹ́, ṣùgbọ́n o ò fura. Ṣé o ò mọ̀ pé Bàbá fẹ́ ta ajá yẹn ni?"

"Ta á kẹ̀?"

"Gbogbo Sátidé ló ń gbé e lọ sórí sikéèlì! Kí lèèyàn ń gbé sórí sikéèlì? Irin tàbí ẹran! Ajá ọ̀hún sì kàn ń rù, ó ń rù. Ebi ń pa Bàbá, ojú sì ń tì í láti sọ. Ó fẹ́ tà á fún àwọn tó ń se 404 lápá ibí yìí ni." Ọbẹ̀ ata ẹran ajá ni àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ń pè ní 404. Ìyá Onome nu ojú wọn. "Ajá tó ti ń ṣọ́ ilẹ̀kùn wa láti ọjọ́ yìí! Èmi àti Reuben la jọ sọ ọ́ pé ká máa bọ́ ọ, kí bùkátà rẹ̀ má bàa wà lọ́rùn Bàbá, kó lè fi í sílẹ̀."

"Ṣùgbọ́n mà," mo ní, "bí ẹnì kan bá fẹ́ ta ẹran, ṣé kò ní fẹ́ kó sanra ni?"

Ìyá Onome yí àkàrà inú epo padà. "Ìwọ ọmọ yìí," wọ́n ní, "ìwé ti pọ̀ lórí ẹ jù."

Mo sọ ohun tí dókítà sọ fún wọn, láti orí ọ̀rá ara dé orí ọkàn. Ìyá Onome rẹ́rìn-ín débi pé àkàrà jóná. "Ajá tó sanra ló ń ṣàìsàn? Tó bá wá rù, ara á le? Na wá o! Bí ajá bá rù, olówó ẹ̀ lojú ń tì." Wọ́n yọ àkàrà tó jóná náà, wọ́n sì wo apá ibi tí Fóòmáànù wà. Mo fẹ́ sunkún.

Mo lọ sọ fún Bàbá. Mo ní, "Sà, àwọn ará ilé rò pé ẹ fẹ́ ta Fóòmáànù. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀." Bàbá wojú ọ̀run. Mo dúró. Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. "Wọ́n á mọ̀ tó bá yá," wọ́n ní, wọ́n sì wọlé.

Ṣé ẹ rí i? Mo fẹ́ràn Bàbá Tálì, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó wù mí kí n jókòó sílẹ̀ kí n fi ẹsẹ̀ nalẹ̀ bí ọmọ kékeré. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ àti àwọn tí kò gbọ́ràn ni wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan, ajá ló sì fẹ́ kú sí i.

Ní ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, Aǹtí Sàfúrátù dé láti Ìkòròdú láìsọ tẹ́lẹ̀. Ìyá Onome ló pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n gbé ìlàjì àpò ìrẹsì, gààrì, iṣu mẹ́fà àti kẹ́ẹ̀gì epo wá, ẹkún sì ti wà lójú wọn láti ẹnu géètì.

"Bàbá mi, kí ni mo ṣe tí ẹ ò lè sọ fún mi pé ebi ń pa yín? Kí lẹ fẹ́ káwọn èèyàn máa wí? Pé Sàfúrátù jẹun yó nílé ọkọ, bàbá ẹ̀ ń ta ajá jẹ?"

Pákò wà lẹ́nu Bàbá. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún fi í padà. Gbogbo ilé ti jáde. Fóòmáànù, tó fẹ́ràn Aǹtí Sàfúrátù, dìde láti lọ pàdé wọn. Ó gun àtẹ̀gùn kìíní. Ó gun ìkejì. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ahọ́n rẹ̀ jáde, àwọ̀ rẹ̀ ti ń dúdú.

"Ebi ni!" Bùọ̀dá Reuben kígbe. "Ẹ sáré fún un ní nǹkan!"

Ìyá Onome ti sáré lọ bu àkàrà.

"Ẹ MÁ FÚN UN!"

N kò kọ́kọ́ mọ ẹni tó pariwo. Bàbá Tálì ni. Ìyá Onome dúró lójú kan pẹ̀lú àkàrà lọ́wọ́. Bàbá ti wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n gbé orí ajá náà lé itan wọn, wọ́n ń fi omi tútù pa á lára. Ó pẹ́ lójú wa kí ahọ́n náà tó tún pupa. Nígbà tó pupa, Bàbá dìde, wọ́n fa ṣọ́ọ̀kì yọ nínú àpò sòkòtò wọn, wọ́n sì lọ dúró síbi ògiri ẹ̀rọ omi.

"Kí lẹ fún un lánàá, Ìyá Onome?"

"Bàbá, díẹ̀ náà ni o."

"Mélòó?"

"Àkàrà mẹ́rin. Ó lè jẹ́ márùn-ún."

Bàbá fa ìlà mẹ́rin, wọ́n fi ìkarùn-ún dábùú wọn. "Reuben?"

"Búrẹ́dì, sà. Ẹ̀ẹ̀mejì. Àti sádìnì." Ìlà mẹ́ta. "Àti orí ẹja," Bùọ̀dá Reuben fi kún un. Ìlà kan.

Wọ́n lọ láti yàrá dé yàrá. Kò sẹ́ni tó lè purọ́, torí gbogbo wa la jọ ń rí ara wa. Ìyá mi jẹ́wọ́ èbà, wọn ò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí ó parí, ìlà mẹ́tàlélógún ló wà lára ògiri. Ti ọjọ́ kan péré nìyẹn.

Bàbá Tálì tẹ́ ọwọ́ sára ògiri náà. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka ẹrù," wọ́n ní, "mo mọ ohun tó ń ri ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í kó òkúta sínú ọkọ̀ kó lè rì. Ẹrù gidi ni, ìrẹsì, àlìkámà. Ẹni tó kó o sí i fẹ́ kó dé ibi tó ń lọ. Ó kàn pọ̀ jù ni." A rò pé ó tán. "Ebi ò pa mí. N ò ta ajá mi. Mo ń wọ̀n ọ́n torí mo fẹ́ kó pẹ́ lọ́dọ̀ mi ni."

Aǹtí Sàfúrátù bú sẹ́kún mìíràn, ṣùgbọ́n inú ti ń bí wọn báyìí. "Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, Bàbá?"

"Wọn ò bi mí."

"A bi yín o!" Ìyá Onome fò sókè. "Lọ́jọ́ Friday, mo ní, 'Bàbá, ṣé kò sí o?' Ṣe lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ọ̀run! Mo wojú ọ̀run náà, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, torí òótọ́ lẹni méjèèjì sọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni méjèèjì jẹ̀bi, èmi sì ti sọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bóyá kò kàn dún tó ni.

Bùọ̀dá Reuben ló gbé Fóòmáànù lọ sọ́dọ̀ Dókítà Nkechi lọ́jọ́ náà gan-an, nínú orí tírélà wọn, torí kẹ̀kẹ́ kò dá wa lóhùn. Àwa mẹ́rin, pẹ̀lú Aǹtí Sàfúrátù, la jókòó síwájú, ajá sì wà lórí itan Bàbá. Dókítà Nkechi gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fún wa ní oògùn ọkàn tí á máa lò. Wọ́n ní díẹ̀ ló kù kó kú. Bùọ̀dá Reuben dúró sí igun kan, wọ́n ń fi ọwọ́ yí fìlà wọn.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún fún Fóòmáànù ní nǹkan kan. Ìbá dára bó bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Dókítà ti sọ níṣojú Bùọ̀dá Reuben pé ìrìn dára fún un, Bùọ̀dá Reuben sì ti sọ fún gbogbo ilé.

Ní agogo márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀, Bàbá á mú un rìn. Ní mẹ́fà ààbọ̀, Bùọ̀dá Reuben á mú un rìn lọ sí gáráàjì àwọn tírélà. Bí wọ́n bá dé, Ìyá Onome á ní ara àwọn náà ń fẹ́ ìrìn, wọ́n á tún fà á lọ ra ẹ̀wà. Ìyá mi, tí kì í rìn dé ìdí ẹ̀rọ omi láìrán mi, bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó di kílò méjìlélógún. Ṣùgbọ́n bí Fóòmáànù bá ti gbọ́ ìró ṣéènì, ṣe ló ń sá wọ abẹ́ orí tírélà tí Bùọ̀dá Reuben ń gbé sínú ọgbà ilé, tí ojú rẹ̀ á sì máa tàn níbẹ̀ bíi ti olè. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ìrìn náà lè pọ̀ jù fún ọkàn tó ń ṣàìsàn. Ìyá Onome ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ò fẹ́ kó jẹun, ẹ tún ní ẹ ò fẹ́ kó rìn, kí lẹ wá fẹ́ kó máa ṣe, kó máa kàwé?

Ní Sátidé tó kọjá, Bùọ̀dá Reuben wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, wọ́n ń mi ṣéènì. "Fóòmáànù, jáde! Ara líle la fẹ́ fún ẹ!" Ìyá Onome ń bá wọn pè é láti apá kejì. Bàbá Tálì jáde. Wọn ò wojú ọ̀run. Wọ́n gba ṣéènì lọ́wọ́ Bùọ̀dá Reuben.

"Ẹ gbọ́ mi, gbogbo yín," wọ́n ní, ohùn wọn sì dé yàrá kejìlá. "Láti òní lọ, èmi nìkan ni n ó máa bá ajá mi rìn. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹni tí ìrìn bá ń wù, kó máa rìn lọ fúnra rẹ̀. Títì ò ní kọ̀ ọ́."

Fóòmáànù yọ orí jáde. Ó wo Bùọ̀dá Reuben, ó wo Ìyá Onome, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ bá Bàbá. Àwọn méjèèjì jáde ní géètì. Nígbà tí wọ́n dé ibi gọ́tà, Bàbá rọra gbé ẹsẹ̀ kọjá, ajá náà sì fò ó.

"Ẹ ò gbọ́ Bàbá!" Ìyá Onome ní, inú wọn sì dùn. "Àṣé wọ́n mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ báyìí!"

Wọ́n mọ̀ ọ́n sọ. Ohun tó ṣì ń bí mi nínú ni pé oṣù mẹ́ta gbáko la fi ń retí rẹ̀.